Golf 3 tí mo rẹ̀ sílẹ̀ ń jẹ táyà láti inú: nọ́ńbà wo ni kí n ní kí wọ́n fi sí i?

ỌmọBódìjà (Ìbàdàn)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ táyà ló gbé mi dé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Golf 3 ni mo ń wà, ti ọdún 1996. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn mo ra sípíríǹgì kúkúrú ní Àràròmí ní Gate. Ẹni tó tà á ní yóò rẹ mọ́tò sílẹ̀ ní 40 mm. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, iwájú ti wálẹ̀ ní 55 mm, ẹ̀yìn ní 40. Ọjọ́ yẹn náà ni mo fi táyà tuntun mẹ́rin sí i, 195/50R15, wọ́n sì ṣe alignment (títún bí táyà ṣe dúró àti ibi tó kọjú sí ṣe) lọ́jọ́ kan náà.

Lánàá ni mo yí sítíárìn dé òpin kí n lè rí inú táyà iwájú. Wáyà ti yọ lára ti ọ̀tún. Ìta rẹ̀ ṣì tuntun o, àwọn irun rọ́bà kéékèèké tó máa ń wà lára táyà tuntun ṣì wà lápá ibẹ̀. Mo gbé e lọ sórí ẹ̀rọ, mo ní kí wọ́n kàn wọ̀n ọ́n, kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ohun tí ìwé sọ nìyí:

Camber iwájú (bí orí táyà ṣe tẹ̀; - ni pé ó tẹ̀ sínú): òsì -1°20′, ọ̀tún -2°05′.
Toe iwájú (ibi tí imú táyà kọjú sí; - ni pé ó yà síta, + ni pé ó wọlé): òsì -0°22′, ọ̀tún -0°30′, àpapọ̀ -0°52′.
Camber ẹ̀yìn: òsì -1°35′, ọ̀tún -1°25′. Toe ẹ̀yìn: àpapọ̀ +0°24′.

Ẹni tó ni ẹ̀rọ ní camber ló ń jẹ ẹ́, pé kí n dá mọ́tò padà sí bó ṣe ga tẹ́lẹ̀, tàbí kí n wá owó ohun tí yóò mú camber padà sí òdo. Mi ò fẹ́ gbé e sókè mọ́. Mò ń fi mọ́tò yìí lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, mo sì ń lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Nọ́ńbà wo ni kí n sọ fún wọn?

Bullet96 (Ìkòròdú)

Àbúrò, camber ni. Ti èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Accord Bullet tí mo rẹ̀ sílẹ̀ ní 50 mm, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ló jẹ láàárín oṣù mẹ́rin. Mo ra upper arm (apá irin òkè tó di táyà mú) tó ṣeé fà gùn, camber padà sí -0°30′, a tún alignment ṣe, ó tán. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Wá owó rẹ̀ kó o ra tìrẹ.

Ìyá Táyà (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bullet, ẹ má bínú sí mi. Nǹkan méjì lẹ ṣe lọ́jọ́ kan, ọ̀kan lẹ wá ń yìn. Ẹ yí camber, ẹ sì tún toe ṣe. Èwo nínú méjèèjì ló gba táyà yín là?

Ọmọ mi tó ni Golf, ṣe nǹkan yìí kí ẹnikẹ́ni tó ní kí o náwó. Fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà tó jẹ yẹn láti ìta bọ̀ sínú, kí o tún pa á láti inú lọ síta. Tó bá jẹ́ camber nìkan ni, ọwọ́ rẹ á máa lọ geere síhà méjèèjì, inú á kàn fẹ́lẹ́ ju ìta lọ. Tí toe bá lọ́wọ́ sí i, etí àwọn kókó rọ́bà yẹn á mú bí eyín ayùn síhà kan, á sì dán síhà kejì. Tó bá ń há ọ lọ́wọ́ láti ìta bọ̀ sínú, imú táyà yà síta. Tó bá ń há ọ láti inú lọ síta, imú táyà ló wọlé jù. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń tú táyà kúrò lára ríìmù, ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ fi ń wò ó kí n tó ní kí ẹnikẹ́ni lọ sórí ẹ̀rọ.

Kí wáyà yọ láàárín oṣù mẹ́ta, tí camber kò sì ju dígíríì méjì lọ? Mi ò gbà.

ỌmọBódìjà

Ẹ ṣé gan-an mà. Ìdí mọ́tò ni mo ti ń bọ̀ báyìí. Láti ìta bọ̀ sínú ló ti ń há, lára táyà méjèèjì. Ti ọ̀tún mú débi pé ó fa òwú yọ lára aṣọ tí mo fi nù ún.

Ọ̀gáRáàkì (Ìbàdàn)

Ìyá ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò tì í lẹ́yìn, torí ó máa ń dùn mí bí àwọn ọmọ wa ṣe ń ju táyà tuntun nù lórí nǹkan tí kò gbà ju wákàtí kan lọ.

Dígíríì kan ni ẹ̀rọ ń pín sí ìṣẹ́jú 60. Àpapọ̀ toe rẹ jẹ́ -0°52′, ìyẹn ni pé táyà kọ̀ọ̀kan yà síta ní bíi ìṣẹ́jú 26. Lójú, ó kéré. Ṣùgbọ́n táyà tó bá yà ní dígíríì kan gbáko ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mítà 17 àti ààbọ̀ nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí mọ́tò bá rìn. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 26, mítà 7 àti ààbọ̀ ni. Ó dáa, márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, ẹ pè é ní kìlómítà 128. Kí o tó dé Èkó, táyà yẹn ti fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ ilẹ̀ fún ohun tó sún mọ́ kìlómítà kan. O tún ń bọ̀ wálé! Rọ́bà wo ló fẹ́ gba ìyẹn mọ́ra?

Camber kì í wọ́ táyà bẹ́ẹ̀. Táyà tí orí rẹ̀ tẹ̀ sínú ní -1°30′ ṣì ń yí síwájú, èjìká inú rẹ̀ ló kàn ń ru ẹrù ju ti ìta lọ. Toe ló ń jẹ táyà rẹ, camber ló ń júwe ibi tó ti máa jẹ ẹ́.

Kí ló dé tí toe fi sá lọ? Lower arm (apá irin ìsàlẹ̀ tó di táyà mú) àti tie rod (irin tó so táyà mọ́ sítíárìn) kì í gùn bákan náà, wọn kì í sì í dábùú bákan náà. Nígbà tí mọ́tò wálẹ̀, ìdí àwọn méjèèjì tó wà lọ́dọ̀ táyà gòkè, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà gòkè yàtọ̀ síra. Bí ọ̀kan ṣe ń tì í ni èkejì ń fà á, táyà sì yí díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan sítíárìn. O wá ṣe alignment lọ́jọ́ tí sípíríǹgì wọlé gan-an. Sípíríǹgì tuntun kì í jókòó tán lọ́jọ́ kan. Gíga tí wọ́n fi ṣe alignment rẹ lọ́jọ́ yẹn kọ́ ni gíga tí ò ń wà káàkiri báyìí.

Nọ́ńbà tí mo máa sọ, bó bá jẹ́ mọ́tò tèmi:

Camber iwájú -1°15′ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ìyàtọ̀ wọn má ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Toe iwájú, òdo lápapọ̀. Bó bá wọlé ní ìṣẹ́jú 5, kò burú. Ẹ̀yìn, má fọwọ́ kàn án. Irin ẹ̀yìn Golf 3 kò ní ibi tí a ti ń yí i, àfi kí a ki páànù tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ibi tí wọ́n ti de stub axle (irin tí táyà ẹ̀yìn ń yí lé) mọ́ ọn, tìrẹ kò sì nílò rẹ̀. Imú táyà ẹ̀yìn tó wọlé díẹ̀ dáa fún ọ, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ìdí mọ́tò ju ara rẹ̀ kiri tí o bá tẹ bíréèkì nínú òjò.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ní kí camber jẹ́ òdo. Bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ iwájú mọ́tò rẹ nígbà tó bá dúró lórí ilẹ̀. Lower arm tó máa ń dà sísàlẹ̀ síhà táyà tẹ́lẹ̀ ti dà sókè báyìí. Nígbà tó ṣì dà sísàlẹ̀, bí mọ́tò bá fì ní kọ́nà, táyà ìta ń tẹ orí rẹ̀ sínú díẹ̀ láti fi di ilẹ̀ mú. Ní báyìí tó ti dà sókè, bí mọ́tò bá ṣe ń fì ni orí táyà ń yà síta. Bí o bá ti fi òdo bẹ̀rẹ̀, etí ìta ni yóò máa gbé ẹ ní kọ́nà. Wàá gba inú táyà là, wàá wá máa jẹ ìta, ilẹ̀ kò sì ní dì mú dáadáa. -1°15′ yẹn ni owó tí o tọ́jú sílẹ̀ de kọ́nà.

Ẹ̀rọ yóò fi pupa hàn lórí camber rẹ. Má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú. Nọ́ńbà tí wọ́n kó sínú ẹ̀rọ jẹ́ ti mọ́tò tó ṣì ga bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ohun kan ṣoṣo tí kò yé mi: kí ló fa ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú 45 láàárín camber òsì àti ọ̀tún? Sípíríǹgì wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kò yẹ kí ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣé mọ́tò ń fà?

CivicPeckham (London)

Ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Civic 1999 ni tèmi, 45 mm ni mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Camber ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ -2°10′, mi ò sì tíì fọwọ́ kàn án rí. Táyà ẹ̀yìn tó wà lára rẹ̀ ti rin ju máìlì 20,000 lọ. Inú fẹ́lẹ́ ju ìta lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí wáyà, kò sí ariwo. Táyà tó wà níbẹ̀ ṣíwájú ìwọ̀nyí kò lo oṣù márùn-ún. Camber kan náà ni, sípíríǹgì kan náà. Toe ẹ̀yìn ló yà síta nígbà náà, tí mo sì ní kí wọ́n fà á wọlé díẹ̀, ìṣẹ́jú 8 lápapọ̀.

Àbúrò, nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi: ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ lọ fi ojú ẹ̀rọ sórí táyà iwájú nìkan. Wọ́n tún iwájú ṣe, wọ́n gba owó, wọn ò wo ẹ̀yìn rárá, ẹ̀yìn ló sì ń jẹ. Ní kí wọ́n fi sórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iwájú gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ibi tí ẹ̀yìn dojú kọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sítíárìn á wọ́ nígbà tí mọ́tò ń lọ tààrà.

Adé_E46 (Lẹ́kí)

Kí ẹni tó ń wa BMW má gbé nọ́ńbà Golf yìí lọ o. Mọ́tò tí iwájú ń fà, agbára ẹ́ńjìnnì ń fa imú táyà wọlé bó ṣe ń lọ, ìdí nìyẹn tí òdo fi tó o. Tiwa tí ẹ̀yìn ń tì, iwájú ń yà síta fúnra rẹ̀, torí náà a máa ń fi í wọlé ní bíi ìṣẹ́jú 10 lápapọ̀. Ẹ̀yìn tèmi, toe wọlé ní ìṣẹ́jú 18 lápapọ̀, camber -1°50′, bóòtù wà níbẹ̀ tí a fi ń yí méjèèjì. Táyà ń lọ déédéé.

Bullet96

Ìyá, ẹ jàre mi. Mo tú inú àpótí mọ́tò, mo rí ìwé alignment àtijọ́. Kí n tó ra upper arm, toe ẹ̀yìn jẹ́ -0°41′. Lẹ́yìn rẹ̀, +0°10′. Mi ò tiẹ̀ wo ìlà yẹn rí, camber ni gbogbo ojú mi wà. Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan.

ỌmọBódìjà

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gáRáàkì, mọ́tò kì í fà púpọ̀. Lójú títì tó tẹ́jú ó máa ń fẹ́ lọ sí òsì díẹ̀. Lórí márosẹ̀, ó ń lọ tààrà. Ohun tó ń dà mí láàmú níbẹ̀ ni pé gbogbo ipa tí tírélà ti tẹ̀ sójú títì ni sítíárìn ń tẹ̀ lé, mo ní láti di í mú gírígírí.

Ìbéèrè méjì, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé kí èmi fúnra mi jókòó sínú mọ́tò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é? Ṣé ọ̀nà kan wà tí mo lè fi wò ó nílé, kí n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹ̀rọ sọ?

Ọ̀gáRáàkì

Ó bá ohun tí mo rò mu. Mọ́tò máa ń fà síhà tí táyà kò ti tẹ̀ sínú tó ìkejì, òsì sì nìyẹn lọ́dọ̀ rẹ. Títì wa dà sí ọ̀tún kí omi lè ṣàn. Ọ̀kan ń bo èkejì mọ́lẹ̀, ìwọ rò pé kò sí nǹkan. Gbé iwájú ọ̀tún sókè lórí jáàkì, fi irin gígùn wú lower arm díẹ̀díẹ̀ níbi búṣì (rọ́bà oríkèé) rẹ̀ ẹ̀yìn, kí o máa wò ó. Mo fura sí búṣì yẹn. Bí búṣì bá ti ya, nọ́ńbà yòówù kí wọ́n fi sí i, kò ní dúró síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ òun ni, pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Kí mẹkáníìkì má fún bóòtù lower arm mọ́ pátápátá nígbà tí táyà ṣì wà lókè. Kó fi sílẹ̀ díẹ̀, kó sọ mọ́tò kalẹ̀ lórí táyà, kó tì í sókè sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó wá fún un mọ́ níbẹ̀. Rọ́bà búṣì lẹ̀ mọ́ irin nínú. Tí wọ́n bá fún un mọ́ lókè, bó bá ti balẹ̀ ló ti lọ́, kò sì ní pẹ́ ya. Wà á lẹ́yìn náà fún kìlómítà 500 kí o tó lọ sórí ẹ̀rọ.

Ní ti ìjókòó, bẹ́ẹ̀ ni, mọ́tò tó ti wálẹ̀ máa ń mọ ẹrù lára ju èyí tó ga lọ. Bí ìwọ nìkan bá ń wà á lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹrù tó wúwo tó ọ wà lórí ìjókòó awakọ̀. Báàgì sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50, jẹ́ríkánì omi lítà 25 jẹ́ kílò 25, àpapọ̀ 75. Kí epo dé ìdajì táǹkì. Kí afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin péye kí wọ́n tó fi ojú ẹ̀rọ sí i, torí táyà kan tó rọ̀ ń tẹ gbogbo ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí wọ́n ṣe camber ṣáájú. Lára Golf 3, bóòtù méjì tó de ṣọ́ọ̀kì mọ́ knuckle (irin tó gbé táyà iwájú) ni wọn yóò tú díẹ̀, kí wọ́n ti orí táyà tàbí kí wọ́n fà á. Toe ló kẹ́yìn, torí bí camber bá ti sún, toe á sún tẹ̀ lé e.

TíṣàFísíìsì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọ̀nà wà láti wò ó nílé, òun ni mo ń lò. Wá ilẹ̀ tó tẹ́jú gan-an. Mú páìpù méjì tó gùn ju fífẹ̀ mọ́tò lọ, gbé ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, kí wọ́n ga dé àárín táyà. So okùn ìpẹja láti ọ̀kan dé èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, kí ìbú tó wà láàárín okùn méjèèjì jẹ́ bákan náà níwájú àti lẹ́yìn. Sún un títí okùn yóò fi jìnnà bákan náà sí àárín táyà iwájú méjèèjì, kí ti ẹ̀yìn méjèèjì náà rí bẹ́ẹ̀. Kò pọn dandan kí ti iwájú bá ti ẹ̀yìn dọ́gba.

Sítíárìn gbọ́dọ̀ dúró gangan. Fi rúlà wọn ìjìnnà okùn sí etí ríìmù níwájú, kí o wọ̀n ọ́n sí etí ríìmù lẹ́yìn. Ríìmù 15, etí dé etí jẹ́ bíi 400 mm. Dígíríì kan jẹ́ 7 mm lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú 26 tìrẹ yẹn jẹ́ 3 mm péré, kò ṣòroó rí bí okùn bá fà le. Fún camber, so nǹkan wúwo mọ́ okùn, jẹ́ kó rọ̀ tààrà níwájú ríìmù, kí o wọn òkè àti ìsàlẹ̀. -1°15′ jẹ́ bíi 9 mm.

ỌmọBódìjà (ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Búṣì ni! Ti ẹ̀yìn lára lower arm ọ̀tún ti ya káàkiri, irin àárín rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ bí ẹni ń ro àmàlà nínú ìkòkò. Mo pààrọ̀ ti ọ̀tún àti òsì, mo dúró ti mẹkáníìkì títí ó fi fún bóòtù mọ́ lórí ilẹ̀. Mo ra táyà iwájú méjì. Mo fi okùn ìpẹja tún toe ṣe díẹ̀ kí táyà tuntun má bàa jẹ, mo wà á fún 500 km, mo wá gbé báàgì sìmẹ́ǹtì sínú mọ́tò lọ síbi ẹ̀rọ.

Gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe wí, camber pupa lójú ẹ̀rọ. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fẹ́ fà á padà. Mo ṣàlàyé fún un nípa lower arm tó ti dà sókè, òun náà bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní ó ti yé òun. Ohun tó wà lórí ìwé báyìí: camber òsì -1°10′, ọ̀tún -1°20′. Toe +0°01′ àti +0°02′. Ẹ̀yìn wà bó ṣe wà.

Mo dé láti Èkó ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ipa tírélà ṣì wà lójú títì, sítíárìn kò tẹ̀ lé e mọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í lásán ni, ó ń lọ fúnra rẹ̀.

Ìyá Táyà

Inú mi dùn, ọmọ mi. O ò tíì sọ ti ọwọ́ o.

ỌmọBódìjà

Mo ti pa á, mà. Kìlómítà 940 ni táyà méjèèjì ti rìn. Láti ìta bọ̀ sínú ó dán, láti inú lọ síta ó dán.

Ìyá Táyà

Ó dáa. Bó bá di 8,000, mú u wá sí Abẹ́òkúta, kí n gbé ti iwájú sẹ́yìn fún ọ, kí n sì fi ọwọ́ tèmi náà pa á.